Páìpù táǹkì ńlá olómi iyọ̀: ẹ fi ìgbà tí pọ́ǹpù bá dákẹ́ wọ̀n ọ́n

Táǹkì gíláàsì tí a ń sin ẹja òkun sí ni mò ń sọ: táǹkì kékeré kan wà lábẹ́ rẹ̀ (táǹkì ìsàlẹ̀), pọ́ǹpù ń ti omi láti ibẹ̀ gòkè, omi náà sì ń gba páìpù mìíràn sọ̀ kalẹ̀ padà. Nígbà tí pọ́ǹpù bá ń ṣiṣẹ́, páìpù tí a fara balẹ̀ tò àti èyí tí a kàn tò jọra lójú. Omi ń gòkè, omi ń sọ̀ kalẹ̀, ẹja ń wẹ̀ kiri. Ìgbà tí iná bá lọ ni ìyàtọ̀ á hàn: omi òkè á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà ìsàlẹ̀, yálà sínú táǹkì ìsàlẹ̀ tàbí sórí ilẹ̀ yàrá. Nítorí náà, kí ẹ tó gé páìpù kankan, ẹ kọ́kọ́ ṣírò ibi tí omi yóò dúró sí nígbà tí pọ́ǹpù bá dákẹ́. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Gígé àti lílẹ̀ rọrùn jù ú lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú táǹkì kan tó gùn ní sẹ̀ǹtímítà 200, tó fẹ̀ ní 65, tó sì ga ní 60. Bí ó bá kún dé etí, omi inú rẹ̀ tó lítà 780. Ojú rẹ̀ jẹ́ 200 × 65, nítorí náà sẹ̀ǹtímítà kan omi lókè jẹ́ lítà 13. Ẹ kọ nọ́ńbà yìí sára ògiri, nítorí òun la ó máa padà sí.

Ẹnu páìpù tó ń dá omi padà sókè sábà máa ń rì sábẹ́ omi díẹ̀. Bí pọ́ǹpù bá dákẹ́, omi á yí ọ̀nà padà nínú páìpù yẹn, á máa fa ara rẹ̀ sísàlẹ̀ títí afẹ́fẹ́ yóò fi ráyè wọ ẹnu páìpù. Siphon nìyẹn. Bí ẹnu páìpù bá rì ní sẹ̀ǹtímítà 3, lítà 39 ni yóò sọ̀ kalẹ̀. Bí ó bá rì ní 15, torí pé ẹnì kan fẹ́ kí omi máa fẹ́ lu àpáta nísàlẹ̀, lítà 195 ni. Ẹ fi omi inú àpótí àkúnwọ́sílẹ̀ (èyí tí omi òkè ń kún wọ̀ kó tó sọ̀ kalẹ̀) àti ti inú páìpù kún lítà 39 yẹn, ẹ pè é ní 50. Bí táǹkì ìsàlẹ̀ bá jẹ́ 120 × 50, sẹ̀ǹtímítà kan níbẹ̀ jẹ́ lítà 6, lítà 50 yóò sì gbé omi ga ní sẹ̀ǹtímítà 8 ó lé díẹ̀. Èmi ò ní gbà kí àyè òfìfo tó wà lókè omi kéré sí 12, nítorí asẹ́ àti ẹ̀rọ mìíràn ń gba àyè níbẹ̀ náà. Ẹ fi bírò tí kì í pa rẹ́ fa ìlà sára gíláàsì níbi tí omi kò gbọdọ̀ kọjá nígbà tí pọ́ǹpù ń ṣiṣẹ́.

Ọ̀pọ̀ ló máa ń sọ pé àwọn á fi non-return valve (fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà sẹ́yìn) sí i, ọ̀rọ̀ parí. Kò parí. Nínú omi iyọ̀, kálísíọ́mù máa ń lẹ̀ mọ́ ìlẹ̀kùn kékeré inú rẹ̀, ìgbín wẹ́wẹ́ á wọ ibẹ̀, àwọn aràn tó ń fi ẹfun kọ́lé á gbé ibẹ̀, ìlẹ̀kùn náà kò sì ní lè pa dé mọ́. Títí di ọjọ́ tí ẹ máa nílò rẹ̀, agbára pọ́ǹpù ló ń jẹ. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ dandan, ẹ fi union (ìsopọ̀ tó ṣeé tú) sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì kí ẹ lè máa yọ ọ́ fọ̀, kí ẹ sì ṣírò àyè táǹkì ìsàlẹ̀ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Ihò kékeré, mìlímítà 5 tàbí 6, tí a lu sára páìpù díẹ̀ sísàlẹ̀ ojú omi, dára ju ìyẹn lọ: afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ wọlé, siphon á já. Ṣùgbọ́n òun náà ń dí bí ewé omi bá hù sí i, ó yẹ kí ẹ máa fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín gbọ̀n ọ́n. Gíga tí ẹ gbé ẹnu páìpù sí nìkan ni kì í dí.

Ẹ wá yí i padà. Bí ìgbín bá dí páìpù tó ń gbé omi sọ̀ kalẹ̀, tí pọ́ǹpù ṣì ń tì í gòkè ńkọ́? Pọ́ǹpù á máa tì títí yàrá rẹ̀ nínú táǹkì ìsàlẹ̀ yóò fi gbẹ. Bí yàrá náà bá jẹ́ 40 × 50, tí omi tó wà lókè ẹnu ìfami sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 15, lítà 30 ni yóò lọ sókè. Ẹ fi 13 pín in: omi òkè á ga sí i ní 2.3. Bí ó bá ku sẹ̀ǹtímítà 4 láti ojú omi dé etí gíláàsì, kò ní dà. Ohun kan wà tó lè ba ìṣirò yìí jẹ́: ẹ̀rọ tó ń fi omi aláìníyọ̀ dí èyí tó gbẹ lọ. Bí yàrá pọ́ǹpù bá ń gbẹ, ẹ̀rọ náà á rò pé afẹ́fẹ́ ló gbé omi lọ, á máa bu omi sí i. Omi á kún dà sílẹ̀, iyọ̀ inú táǹkì á sì là. Ẹ jẹ́ kí korobá tó ń fa omi láti inú rẹ̀ kéré, kí ẹ sì yan èyí tó máa ń pa ara rẹ̀ bí ó bá ti ṣiṣẹ́ kọjá àkókò tí ẹ fún un.

Yíyan pọ́ǹpù kò le tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń mú un. Ìlọ́po 3 sí 5 omi òkè ní wákàtí kan ti tó: láti lítà 2,400 sí 4,000 fún àpẹẹrẹ wa. Ìgbì tí iyùn òkun ń fẹ́, pọ́ǹpù ìgbì inú táǹkì ni kí ẹ fi ṣe é. Kò ní jẹ iná tó gbígbé omi gun òkè. Nọ́ńbà tó wà lára páálí pọ́ǹpù, ìwọ̀n tó ń tì nígbà tí kò gbé omi ga rárá ni. Ẹ wo àtẹ tó bá a wá, ẹ wọn gíga láti ojú omi nínú táǹkì ìsàlẹ̀ dé ẹnu páìpù lókè, kì í ṣe láti ìdí pọ́ǹpù, kí ẹ wá fi ìdènà elbow (igun páìpù) àti ti fáàfù kún un.

Ẹ̀gbẹ́ páìpù ni a ti ń pàdánù jù. Lítà 4,000 ní wákàtí kan, bí ó bá gba páìpù íǹṣì 1 ti Schedule 40 (ìwọ̀n nínípọn ara páìpù), tí inú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 26.6, ń sáré ní mítà 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó yá jù. Ẹ óò gbọ́ ariwo rẹ̀. Nínú páìpù íǹṣì 1¼, tí inú rẹ̀ jẹ́ 35, ó di mítà 1.15, ohun tí ìfọwọ́rá ń gbà lọ́wọ́ pọ́ǹpù á sì dín kù sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin. Ẹ máa jẹ́ kó wà lábẹ́ 1.5. Bí ẹnu pọ́ǹpù bá jẹ́ íǹṣì 1, ẹ mú páìpù fẹ̀ kété tó bá jáde níbẹ̀, kí ẹ má ṣe dín in kù títí tó fi dé òkè. Elbow dígírì 45 méjì tó jìnnà síra díẹ̀ sàn ju ti dígírì 90 kan lọ.

Fún pọ́ǹpù tó wà níta táǹkì, ẹ gbé e sísàlẹ̀ ojú omi kí omi máa wọ̀ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe fi fáàfù dín ọ̀nà ìfami kù láé. Bí omi bá ṣe ń dín kù sí pọ́ǹpù tó ń fà á tagbáratagbára, ìhó á máa bẹ́ nínú rẹ̀, á sì máa jẹ abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ariwo rẹ̀ dà bí òkúta wẹ́wẹ́ nínú agolo. Ẹ̀gbẹ́ tó ń jáde ni kí ẹ ti dín in.

Fún táǹkì tó tó báyìí, pọ́ǹpù kékeré méjì wù mí ju ńlá kan lọ, kí ìkọ̀ọ̀kan ní páìpù tirẹ̀ dé òkè. Bí ọ̀kan bá kú, èkejì á mú ẹja dé ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá so méjèèjì pọ̀ mọ́ páìpù kan, omi èyí tó wà láàyè á máa gba inú èyí tó kú padà sísàlẹ̀.

Ohun tí omi iyọ̀ fara kàn gbọ́dọ̀ jẹ́ PVC tàbí ike. Kò sí idẹ, kò sí bàbà, kò sí irin tí wọ́n fi síǹkì bò. Bàbà ń pa edé, ìgbín àti iyùn, kódà bí ó bá kéré. Ohun tí a fi ń de họ́ọ̀sì pẹ̀lú, ti ike ni kí ẹ rà. Ti irin tí wọ́n ní kì í dípẹtà á dípẹtà.

Lórí lílẹ̀: ẹ gé páìpù kí ojú rẹ̀ gún régé, ẹ fi ọ̀bẹ há ìyangbò inú àti òde kúrò, kí ẹ gé etí òde dà díẹ̀ kó má baà gbá gọ́ọ̀mù síwájú. Ẹ tò ó gbígbẹ, ẹ fa ìlà kọjá páìpù àti elbow kí ẹ lè mọ ibi tí wọ́n dojú kọ. Ṣùgbọ́n ẹ má fi títò gbígbẹ wọn gígùn: ihò elbow ń tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sínú, páìpù gbígbẹ kì í dé ìdí rẹ̀. Gọ́ọ̀mù ló ń jẹ́ kó dé ìdí, gbogbo rẹ̀ á sì kúrú ju bí ẹ ṣe rí i lọ. Ẹ wọn jíjìn ihò náà, ẹ fi kún gígùn. Primer (oògùn tó ń mú ojú PVC rọ̀) lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà gọ́ọ̀mù sára méjèèjì. Ẹ tì í wọlé pẹ̀lú yíyí díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́rin ìyípo, kí ẹ di í mú fún ìṣẹ́jú àáyá 30. Bí ẹ bá tètè fi í sílẹ̀, á ti ara rẹ̀ jáde. Ẹ nu èyí tó ṣẹ́kù, kí ẹ fi í sílẹ̀ fún wákàtí 24 kí omi tó kàn án. Silicone kì í di PVC mú, ẹ má fi dí ibi tó ń jò.

Ti sukúrúù, ẹ wé thread tape (téèpù tí a ń wé mọ́ sukúrúù kó má baà jò) ní ìyí 3 sí 5, ní apá tí sukúrúù ń yí sí, kí ẹ fi ọwọ́ dì í, kí ẹ wá fi díẹ̀ kún un. Ẹ má ṣe ti sukúrúù irin sínú ihò ike. Á là á. Tank connector (ìsopọ̀ tó ń gba ihò ara táǹkì kọjá) ń fẹ́ wọ́ṣà rọ́bà lábẹ́ orí rẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ omi. Bí ẹ bá fi sábẹ́ nọ́ọ̀tì, omi á tọ ẹsẹ̀ sukúrúù jáde. Kò nílò silicone, àti pé gíláàsì tí wọ́n fi iná mú le kò ṣeé lu rárá: á fọ́ yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́.

Láàárín pọ́ǹpù àti páìpù líle, ẹ fi họ́ọ̀sì silicone rírọ̀ sẹ̀ǹtímítà 10 sí 20, kí gbígbọ̀n pọ́ǹpù má baà dé ara gíláàsì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni union, lẹ́yìn union ni ball valve (fáàfù tí a ń yí lẹ́ẹ̀kan ṣí tàbí tì). Ètò yìí ṣe pàtàkì: ẹ ti fáàfù, ẹ tú union, pọ́ǹpù jáde, omi inú páìpù òkè kò sì ní dà sí yín lórí.

Páìpù tó ń sọ̀ kalẹ̀ ń fẹ́ gate valve (fáàfù tí a ń yí ṣí díẹ̀díẹ̀), nítorí ball valve kò ṣeé tún ṣe díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìdí rẹ̀ rì ní sẹ̀ǹtímítà 2 tàbí 3 péré sínú omi ìsàlẹ̀. Bí ó bá jìn jù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò ní ráyè jáde nígbà tí iná bá dé. Páìpù ìgbàlà, tí omi kì í gbà lójoojúmọ́, kó parí sókè omi. Ọjọ́ tó bá gba omi, ẹ óò gbọ́ ọ.

Omi lásán ni kí ẹ fi dán an wò, kí iyọ̀ tó wọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan, ẹ fi ìwé gbígbẹ nu gbogbo ìsopọ̀. Ẹ pa á, ẹ wò ó títí omi fi dúró. Ẹ tàn án, ẹ tún pa á, ní ìgbà márùn-ún. Lẹ́yìn náà ẹ fi àkísà dí páìpù ìsọ̀kalẹ̀ àkọ́kọ́ kí ẹ rí i bóyá ti ìgbàlà lè gbé gbogbo omi náà, kí ẹ sì dí méjèèjì pọ̀ títí yàrá pọ́ǹpù á fi gbẹ. Ẹ jókòó tì í, kí ọwọ́ yín wà lórí bọ́tìnì tí ẹ fi ń pa iná.

Nígbà tí iyọ̀ bá ti wọ̀ ọ́, èérún funfun lára ìsopọ̀ ni àmì àkọ́kọ́ pé ó ń jò, ó máa ń hàn kí ẹ tó rí ìkán omi kankan. Ní oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà, ẹ tú pọ́ǹpù, ẹ rẹ ẹ́ sínú fínígà funfun tí ẹ fi omi là ní ìlàjì, títí ẹfun á fi yọ́ kúrò lára abẹ̀bẹ̀ àti òòfà rẹ̀. Bí òòfà náà bá ti sán, tí ìpẹtà ń yọ jáde, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ fi ọ̀rá silicone pa O-ring (òrùka rọ́bà) inú union. Èyí tí wọ́n fi epo rọ̀bì ṣe máa ń mú rọ́bà EPDM wú.