Ẹ̀rín Màmá nínú ìwé àtijọ́

Ní àárọ̀ yìí, bí mo ṣe ń tú àpótí Màmá mi, mo bá ìwé kan tí mo máa ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sì gbàgbé iṣẹ́ tí mo ń ṣe.

Mo kọ ọ́ sí ojú ewé kan pé ewúrẹ́ wọlé jẹ àmàlà Màmá, wọ́n sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Màmá ti papòdà, mo sì ti gbàgbé ẹ̀rín náà. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ka gbólóhùn yẹn, mo gbọ́ ọ, àní mo gbọ́ bí wọ́n ṣe máa ń pàtẹ́wọ́ mọ́ ọn.

Mo rántí Olóògbé Akínpẹ̀lú Ọbíṣẹ̀san ti Ìbàdàn, tí ó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ ìrántí ojoojúmọ́ rẹ̀, títí kan gbèsè tí ó ń dà á láàmú, tí àwọn ìwé náà sì wà ní ilé-ìkàwé Yunifásítì Ìbàdàn.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ǹjẹ́ ẹ ti ka ohun tí ẹ fúnra yín kọ rí, kí ẹ sì pàdé ẹni tí ó ti lọ níbẹ̀?