Títọ ipasẹ̀ ìdílé adúláwọ̀ láti Chicago padà sí Mississippi: ẹ̀kọ́ tí mo kọ́

Bí ẹ bá ń bá adúláwọ̀ Amẹ́ríkà kan wá orírun ìdílé rẹ̀, ẹ má ti ìgbà oko ẹrú bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹni tó kú kẹ́yìn ni kí ẹ ti mú un, kí ẹ máa tọ̀ ọ́ padà. Láàárín 1910 sí 1970, nǹkan bíi mílíọ̀nù 6 adúláwọ̀ kúrò ní Gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Gbèsè oko tí kì í tán lé àwọn kan, ìbẹ̀rù kí wọ́n má so wọ́n kọ́ igi lé àwọn mìíràn. Ojú irin ló darí ọ̀pọ̀ wọn: ará Mississippi gba Chicago, ará Carolina gba New York àti Philadelphia, ará Texas àti Louisiana gba California.

Káúńtì, ìyẹn ìpín ìjọba ìbílẹ̀ inú ìpínlẹ̀, ni ẹ ń wá. Mississippi nìkan ní 82, orúkọ ìpínlẹ̀ kò lè gbé yín débì kankan.

Ìwé ẹ̀rí ikú sábà máa ń dárúkọ òbí olóògbé, ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó sọ ọ́: ọmọ tí wọ́n bí sí Chicago lè ṣi orúkọ ìyá àgbà sọ. Lẹ́yìn náà, ìkànìyàn 1940. Ó béèrè ibi tí kálukú ń gbé ní 1935, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé yóò hàn níbẹ̀. Àmì X inú òdo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹni tó dáhùn.

Ẹ wá káàdì ìforúkọsílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun ti oṣù kẹfà 1917, ó ń sọ ìlú tí wọ́n bí ọkùnrin náà sí. Bí igun ìsàlẹ̀ lọ́wọ́ òsì bá ya, ẹ má rò pé ìwé ló gbó. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ sí igun náà pé bí ẹni náà bá jẹ́ ìran Áfíríkà, kí akọ̀wé ya á kúrò. Ó máa ń dùn mí dọ́kàn ní gbogbo ìgbà tí mo bá rí i.

Iná 1921 ba púpọ̀ jù nínú ìkànìyàn 1890 jẹ́, nítorí náà láti 1900 ẹ ó fò sí 1880, lẹ́yìn náà 1870, ìkànìyàn àkọ́kọ́ tó dárúkọ gbogbo àwọn tó ti jẹ́ ẹrú. Ti 1860 kò kọ orúkọ wọn: ọjọ́ orí, akọ tàbí abo, àti àwọ̀ ara nìkan ni, lábẹ́ orúkọ olówó wọn. Ẹ má gbọ́kàn lé orúkọ ìdílé níbẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló jẹ́ orúkọ olówó. Aláwọ̀ funfun tó nílẹ̀ púpọ̀ nítòsí wọn ní 1870 ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò: bí obìnrin tí ẹ ń wá bá jẹ́ ẹni ọdún 34 nígbà yẹn, ẹ wá ẹni bí ọdún 24 lábẹ́ orúkọ aláwọ̀ funfun náà ní 1860, kí ẹ sì fi ọdún díẹ̀ síwájú sẹ́yìn, torí ọ̀pọ̀ ni kò sẹ́ni tó kọ ọjọ́ ìbí wọn sílẹ̀.