Bàbá Tí Ó Fẹ́ Ọmọ Rẹ̀ Kò Gbọdọ̀ Dúró Dìgbà Tí Ọmọ Yóò Dàgbà

Bí ìyá ọmọ bá ti kó ọmọ lọ, ohun tí àwọn àgbà ẹbí sábà máa ń fi tu bàbá nínú ni pé, "Fi wọ́n sílẹ̀, bó pẹ́ bó yá, ọmọ á wá bàbá rẹ̀ wá." Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà, ṣùgbọ́n n kò gba ìmọ̀ràn yìí wọlé, nítorí pé ìsinsìnyí ni ọmọ ọdún mẹ́ta nílò bàbá rẹ̀, kì í ṣe ìgbà tí ó bá di géńdé tí ó ń béèrè ilé bàbá rẹ̀ kiri.

Bí ìyá àti bàbá bá fẹ́ra wọn lábẹ́ òfin, iṣẹ́ bàbá fúyẹ́ díẹ̀. Abala 165 nínú Òfin Ẹ̀rí ti Nàìjíríà ti ọdún 2011 sọ pé kí kóòtù ka ọmọ tí a bí nígbà tí ìgbéyàwó wà, tàbí láàárín 280 ọjọ́ lẹ́yìn tí ó tú ká tí ìyá kò tíì fẹ́ ẹlòmíràn, sí ọmọ ọkọ náà. Àwọn tí kò ṣègbéyàwó ni ọ̀rọ̀ le fún. Lábẹ́ Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003, èyí tí ìpínlẹ̀ Èkó sọ di tirẹ̀ ní 2007, ìyá nìkan ni ojúṣe òbí, ìyẹn ẹ̀tọ́ àti iṣẹ́ títọ́ ọmọ, wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá ní láti gba tirẹ̀ nípa àdéhùn pẹ̀lú ìyá tàbí nípa àṣẹ kóòtù. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin kò mọ èyí àfi ọjọ́ tí ìjà bá dé.

Nítorí náà, ẹ kó ẹ̀rí jọ kí àárín yín tó dàrú. Ìsọmọlórúkọ kì í ṣe àríyá lásán nínú ọ̀rọ̀ yìí. Fọ́tò tí bàbá ti gbé ọmọ lọ́wọ́, tí oyin, iyọ̀ àti orógbó wà lórí tábìlì, àti ìwé pélébé tí bàbá àgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ orúkọ ọmọ sí, ń fi hàn pé bàbá gba ọmọ ní gbangba, àṣà wa sì ka ìgbàwọlé yẹn sí gan-an. Ẹ tọ́jú káàdì aboyún, ìwé ìbí, àti rìsíìtì owó ilé-ìwé. Ẹni tí ó ń fún ìyá ọmọ lówó lọ́wọ́-sí-ọwọ́ yóò ṣòro fún láti fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ẹ fi í ránṣẹ́ láti báńkì.

Bí ìyá bá sẹ́ pé ẹ̀yin kọ́ ni bàbá ọmọ, kóòtù lè pàṣẹ àyẹ̀wò DNA, èyí tí ó ń fi hàn bóyá ọkùnrin ni ó bí ọmọ. Wọn yóò fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá àti ọmọ, ó parí. Bí ẹnì kan bá kọ̀ láti ṣe é, adájọ́ lè fi kíkọ̀ náà ro ohun tí ó bá tọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gba itọ́ ọmọ ní bòókẹ́lẹ́ kí ẹ wá gbé èsì rẹ̀ sórí Facebook. Ọmọ náà yóò kà á lọ́jọ́ iwájú.

Kí ẹ tó dé kóòtù, ẹ lọ sí Citizens' Mediation Centre, ilé-iṣẹ́ ìlàjà ti ìjọba Èkó, níbi tí wọn kì í ti gba owó ìlàjà. Bí ìlàjà kò bá so èso, Kóòtù Ẹbí ni ó kàn. Kì í ṣe gbogbo ayé ni ó ń wọlé síbẹ̀ láti wòran, wọn kì í sì í gbé orúkọ ọmọ síta. Ohun tí ó bá ṣe ọmọ láǹfààní jù lọ ni adájọ́ yóò tẹ̀lé. Bàbá tí ó lọ já ọmọ gbà ní ẹnu ọ̀nà ilé-ìwé ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ẹjọ́ ara rẹ̀ jẹ́.

Ẹ má sì ṣe béèrè pé, "Mo fẹ́ ọmọ mi," kí ẹ dákẹ́ síbẹ̀. Ẹ sọ ọjọ́ Sátidé tí ẹ fẹ́, aago tí ẹ ó gbà á, aago tí ẹ ó dá a padà, ilé tí yóò sùn ní ìgbà họ́lídè, àti alẹ́ tí ẹ ó máa bá a sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹni tí kò lówó lọ́yà lè tọ Office of the Public Defender lọ, ilé-iṣẹ́ ìjọba Èkó tí ó ń bá ará ìlú rojọ́, nítorí ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń ṣojú ẹni.