Ṣíṣa ìgbín lálẹ́ ọjọ́ òjò

Òjò rọ̀ láti ọ̀sán dé ìrọ̀lẹ́ òní, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni. Ní Rẹ́mọ, irú alẹ́ báyìí ni ìyá máa ń gbé àtùpà, tí ọmọ á gbé apẹ̀rẹ̀, tí wọ́n á forí lé oko obì. Bí ìgbín bá fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e: ẹ̀yìn ìyá gan-an ni ọmọ ń rìn, kò gbọdọ̀ yà síbì kankan.

Oko obì dára fún un ju oko ẹ̀gẹ́ lọ. Ibòji pọ̀ níbẹ̀, ewé tó wọ́ jọ sídìí igi sì ń jẹrà, ilẹ̀ kì í tètè gbẹ. Agogo 8 alẹ́ sókè ni ìgbín ń jáde dáadáa. Ẹ wò ó lára kùkùté, nídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀, lára igi. Bí ẹ bá rí ìlà funfun tó ń dán, ipa rẹ̀ nìyẹn.

Ọwọ́ kì í wọ abẹ́ ewé. Igi la fi ń tú u, torí ọká máa ń dùbúlẹ̀ síbẹ̀ láìmira, àwọ̀ rẹ̀ sì bá ti ewé mu. Bàtà òjò ṣe pàtàkì fún ọmọ ju tọ́ọ̀ṣì lọ.

Èyí tó le jù ni kí ọmọ mọ èyí tí kò yẹ kó mú. Ẹ jẹ́ kó fi àtàǹpàkò kan etí ẹnu ìkarahun. Bó bá nípọn, tó le, ìgbín ọ̀hún ti gbó. Bó bá fẹ́lẹ́, tó fẹ́ kán, ó ṣì ń dàgbà. Ẹ dá a padà síbi tẹ́ ẹ ti rí i. Ìgbín ńlá máa ń tó oṣù 9 tàbí 10 kó tó yé, ẹyin rẹ̀ kò sì pọ̀, bíi 4 sí 18 lẹ́ẹ̀kan. Bí igi bá hú ẹyin jáde, ẹ da erùpẹ̀ bò ó. Ó tó oṣù kan kó tó pa. Lójú tèmi, kò sí ẹ̀kọ́ inú igbó tó jinlẹ̀ ju ti àtàǹpàkò yìí lọ. Àgbà tó kọ́ ọ lọ́mọdé ṣì ń ṣe é níwájú àtẹ ìgbín lọ́jà, kò tiẹ̀ ní mọ̀.

Ẹ má kó o sínú ọ̀rá, ooru á pa á. Bí apẹ̀rẹ̀ bá kún jù, ti ìsàlẹ̀ á fọ́. Ẹ fi ewé kókò bò ó, kẹ́ ẹ so ó, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ wọ́n á gùn jáde. Ẹ má wọ oko tí wọ́n fín oògùn apakoríko sí. Alẹ́ tí wọ́n bá kéde Orò, ìyá àti ọmọbìnrin kò jáde.

Èyí tí ìkarahun rẹ̀ fọ́, alẹ́ yẹn náà ni ẹ sè é. Ẹ fún ìyókù ní ewé ìbẹ́pẹ nìkan fún ọjọ́ 2, kí ohun tí wọ́n jẹ nínú igbó lè tán nínú wọn.