Kẹ́ ẹ tó gbé e fún àwọn tó ń ra kọ́ńdẹ́ẹ̀mù

Ọ̀kún o, ẹ̀yin àbúrò mi tẹ́ ẹ ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Kabba, ní Ìyàrá àti ní Ìsánlú. Corolla àti Camry tòkúnbọ̀ lẹ fi ń mọ iṣẹ́, kò sì burú, òun ló ń mú owó wọlé. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọkọ̀ àtijọ́ bá dé iwájú yín, ẹ máa bá nǹkan pàdé lára rẹ̀ tí ojú yín ò rí rí, ẹnu sì máa ń tètè yá láti pè é ní pàǹtí. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ nìyẹn: ohun tẹ́ ẹ ò mọ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá, orúkọ rẹ̀ lè dúró.

Morris Minor bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ni mo máa fi ṣàpẹẹrẹ. Àwọn ọmọ bàbá tó wà l'Ábújá ló ní ká tú u palẹ̀, ká tún un tò kó lè máa rìn. Láàárín 1948 sí 1971 ni wọ́n fi ṣe irú ọkọ̀ yìí nílùú ọba. Ẹ́ńjìnnì 948 c.c. ló wà nínú ti bàbá. Ọwọ́ ọ̀tún ni sítíárì rẹ̀ wà, nítorí ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà lójú títì ní Nàìjíríà títí di April 2, 1972.

Ẹ kọ́kọ́ wo sípánà ọwọ́ yín. Bóòtì tí orí rẹ̀ jẹ́ 1/2 ínṣì, 12.7 mílímítà ni. Sípánà 13 máa wọ̀ ọ́, á tiẹ̀ dà bíi pé ó bá a mu, àmọ́ tí ìpata bá ti mú bóòtì yẹn, ẹ̀ẹ̀kan tẹ́ ẹ bá fi agbára yí i, orí rẹ̀ á di róbótó, ọ̀rọ̀ á wá di ti oníwẹ́dà. Ẹ lọ yá sípánà oní-ínṣì. Àǹfààní mìíràn wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ràn púpọ̀. Nígbà tó jẹ́ pé ínṣì ni wọ́n fi to ọkọ̀ yìí láti ilé iṣẹ́, bóòtì tí sípánà 10 tàbí 13 bá wọ̀ ṣinṣin tí kò mì, ọwọ́ ẹlòmíràn ló fi í síbẹ̀ lẹ́yìn. Irin pẹlẹbẹ kan wà nítòsí rédíétọ̀ tí àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ń fa ọ̀rọ̀ lé lórí. Sípánà 10 ló tú u. Fèrè Peugeot 504 ni mẹkáníìkì kan ti fi kọ́ síbẹ̀ láyé àtijọ́, Morris ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Bí ohun tó ṣàjèjì ṣe máa ń rí nìyẹn nígbà mìíràn, àwa ara wa la so ó mọ́ ọkọ̀.

Ẹ wá wo òpó tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn iwájú. Ihò tóóró kan wà níbẹ̀ tí irin bò. Ẹ rọra fi èékánná gbé e, apá kékeré kan á yọ jáde, ike àwọ̀ ọsàn lára rẹ̀, gílóòbù tín-ín-rín nínú. Táràfíkétọ̀ nìyẹn o! Kó tó di 1961 tí iná tó ń ṣẹ́jú wọ Morris Minor, apá yìí ló ń nà jáde láti fi ibi tí awakọ̀ fẹ́ yà sí hàn. Ẹni tí kò rí i rí lè mọ̀ ọ́n tó bá tẹ̀ lé wáyà rẹ̀: kọ́ìlì wà nídìí rẹ̀, irin kan sì ń rìn nínú kọ́ìlì náà. Ohun tó bá rí báyẹn, iná ló ń fà á. Ẹ má fi agbára fà á jáde ṣá, ike rẹ̀ ti gbẹ.

Ẹsẹ̀ iwájú ni ẹ̀kọ́ pọ̀ sí jù. Kò sí ṣọ́ọ̀kì gígùn tẹ́ ẹ mọ̀ níbẹ̀. Irin wúwo kan tó ní ikùn lẹ máa rí, apá kan yọ lára rẹ̀, ọ́ìlì ń jò nídìí rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ mi kan tó já fáfá sọ pé pọ́ǹpù bírékì ni. Mi ò bá a wí, torí ó ronú kó tó sọ̀rọ̀. Mo kàn bi í pé, "Páìpù rẹ̀ dà?" Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí páìpù. Ó wá di apá yẹn mú, ó gbé e lọ sókè, ó fà á wálẹ̀, ó ń le mọ́ ọn lọ́wọ́ ní àlọ àti àbọ̀. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣọ́ọ̀kì ni!" Ṣọ́ọ̀kì ni lóòótọ́, apá rẹ̀ yẹn náà ló sì di ẹsẹ̀ táyà mú lókè. Ẹni tó bá jù ú nù torí pé ó ń jò ti ba ìdúró táyà jẹ́.

Sípíríìngì ńkọ́? Ọ̀pá irin gígùn ni, ó sùn lábẹ́ ọkọ̀ láti iwájú lọ sẹ́yìn, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Lílọ́ tó ń lọ́ ló fi ń gbé ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá tú ìdí rẹ̀ nígbà tó ṣì lọ́, ó lè ṣá èèyàn léegun. Ẹ fi jáàkì gbé apá ìsàlẹ̀ ró, kẹ́ ẹ máa sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí agbára á fi tán lára rẹ̀. Kẹ́ ẹ sì fi ọ̀dà sàmì sí tọ̀tún àti tòsì, torí irin náà ti mọ ibi tó ń lọ́ sí, ẹ ò lè pààrọ̀ wọn mọ́.

Kábúrétọ̀ S.U., tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì, máa ń dẹ́rù ba ọmọ iṣẹ́. Ó rí bí agogo lókè, ìdérí kékeré kan sì wà lórí rẹ̀. Ẹ yí i kúrò, ọ̀pá tín-ín-rín á bá a jáde, ọ́ìlì á máa kán lára rẹ̀. Kì í ṣe pé ọ́ìlì jò wọ ibẹ̀ láti inú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n dìídì bu ú síbẹ̀ ni, kí písítìn inú rẹ̀ má baà fò sókè lójijì tí awakọ̀ bá tẹná. Ẹ ti písítìn yẹn sókè kẹ́ ẹ fi sílẹ̀: ó yẹ kó já wálẹ̀ kó dún kò. Bí kò bá dún, ó ti há.

Bátìrì rẹ̀ náà yàtọ̀. Pọ́sítíìfù ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀, kì í ṣe nẹ́gẹ́tíìfù. Ẹ kọ ọ́ sára bọ́nẹ́ẹ̀tì gàdàgbà kí ríwáyà tó dé.

Lẹ́tà tó wà lára irin ń sọ̀rọ̀. Ẹ fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ fi ẹ̀fun ra á, á hàn. Lucas, ilé iṣẹ́ tó ṣe àwọn ohun èlò iná ọkọ̀ yìí, máa ń tẹ oṣù àti ọdún sára ọjà wọn, ẹ sì lè tibẹ̀ mọ̀ bóyá ọjọ́ kan náà lòun àti ọkọ̀ wáyé.

Èyí tí gbogbo èyí ò bá tú, ẹ so bébà mọ́ ọn, kẹ́ ẹ kọ ibi tẹ́ ẹ ti yọ ọ́, kẹ́ ẹ wá lọ bá àwọn tó ti wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Irin tó kọ́ lọ́rùn nínú búùtù, bàbá olùkọ́ ló rí i tó bú sẹ́rìn-ín. Iwájú ọkọ̀ ni wọ́n ń tì í bọ̀ láti fi yí ẹ́ńjìnnì bí bátìrì bá kú. Ó ní ká dá a padà sí búùtù, òun ò gbẹ́kẹ̀ lé bátìrì ìsinsìnyí lójú ọ̀nà Ọ̀bàjánà. Tẹ́ ẹ bá dán an wò, ẹ fi àtàǹpàkò sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn ìka yòókù, ẹ má fi há irin náà, torí bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà, ó lè ṣẹ́ ẹ.