Àkọsílẹ̀ keje: gángan tó ń pẹ́ dé

Aago méjìlá òru ti lù, àmọ́ mi ò lè sùn láìkọ èyí sílẹ̀. Orin kan ni mo ń gbà sílẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà nílé, ìlù inú ẹ̀ ni kò sì bá ohùn mi mu. Ìlù bá ohùn mu lálẹ́ yìí! Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo ti ń fà á, ìgbà àkọ́kọ́ rèé tí mo gbọ́ gángan àti orin pọ̀ tí ara mi sì yá gágá.

Agogo ti parí. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ náà ti parí. Mo ti já páálí ẹyin kúrò lára ògiri, kúbùsù méjì ni mo ta sẹ́yìn máíkì báyìí, yàrá ò sì dún gbọ̀ngbọ̀n mọ́.

Gángan ló kù, òun ló sì fẹ́ pa mí. Ní Sátidé tó kọjá, Baba onílù wá láti Ọ̀yọ́. Wọ́n gbé headphone sétí, wọ́n ń gbọ́ agogo àti ohùn mi, wọ́n sì ń lù sí i. Wọ́n lù ú dáadáa. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ ká gbọ́, ìlù ti sún sẹ́yìn. Díẹ̀ ni o, ṣùgbọ́n díẹ̀ yẹn ti pọ̀ jù fún ìlù tó ń sọ̀rọ̀. Níbi tí mo ti ní "ẹ káàbọ̀" tó yẹ kí ìlù bá mi sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan náà, "ẹ" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lẹ́nu mi kí kọ̀ǹgọ́ tó kan awọ. Baba yọ headphone.

"Ta ló ń fa ọwọ́ mi sẹ́yìn?"

"Ẹ má bínú, Baba, kọ̀ǹpútà ni."

"Kọ̀ǹpútà náà ò gbọ́ ìlù. Lọ kọ́ ọ."

Wáyà ni mo kọ́kọ́ fura sí. Mo lọ sí Ìkẹjà, mo ra òmíràn. Irọ́ ni, wáyà ò lè dá ohùn dúró débi téèyàn á fi gbọ́ ọ. (Ìrìn àjò yẹn wúlò lọ́nà mìíràn ṣá: ẹni tó tà á fún mi ló ní kí n yọ ṣájà kọ̀ǹpútà bí mo bá ń gbohùn sílẹ̀. Mo yọ ọ́, ìkùn tó máa ń wà lábẹ́ gbogbo nǹkan lọ pátápátá. Ẹ gbìyànjú ẹ̀ kí ẹ tó fi noise reduction, irinṣẹ́ tó ń pa ariwo ẹ̀yìn, kan ìlù. Ó máa ń jẹ ìparí ohùn gángan, ibi tí onílù ti ń tú ọsán tó fún, tí ohùn ń yọ́ lọ sílẹ̀. Ẹwà ìlù wà níbẹ̀.)

Mo wá wọ̀n ọ́n. Mo gbé etí headphone kan lé máíkì, mo jẹ́ kí Audacity (ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń gbohùn) lu ìró "kọ́" kan jáde, mo sì gbà á sí ìlà kejì. Mo fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà títí mo fi rí orí "kọ́" méjèèjì. Ohun tó wà láàárín wọn jẹ́ 62 ms (ms kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá). Ohùn máa ń rin nǹkan bíi mítà 34 láàárín 100 ms, torí náà ńṣe ló dà bíi pé Baba dúró lójú títì, ní mítà 21 sí mi, tí wọ́n ń lu ìlù sí mi láti ibẹ̀.

Audacity ní ibi tí wọ́n ti ń tún èyí ṣe, latency compensation: iye tó fi ń sún ohun tí a gbà padà sí ibi tó yẹ kó bọ́ sí. -130 ms ló wà níbẹ̀ látilẹ̀. Mo tún yọ 62 kúrò nínú ẹ̀, ó di -192, ó sì bọ́ sí i gẹ́lẹ́. Inú mi dùn, mo lọ sùn. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ìlù tún ń ṣíwájú ohùn! Wákàtí méjì gbáko ni mo fi ń wá ìdí ẹ̀: mo ti yí ọ̀nà tí ohùn ń gbà láti MME sí WASAPI (ọ̀nà méjì tí Windows fi ń gbé ohùn), torí WASAPI yára jù, iye tí mo sì wọ̀n fún MME ò bá a mu mọ́. Ohun tó yẹ interface mi (àpótí tó so máíkì mọ́ kọ̀ǹpútà) gan-an ni ASIO, ọ̀nà ohùn mìíràn, Audacity tó wà lórí kọ̀ǹpútà mi ò sì ní in, ọ̀rọ̀ ìwé àṣẹ ló fà á.

Bí mo ṣe gbé Reaper, ètò ìgbohùn mìíràn, jáde nìyẹn. Justin Frankel tó ṣe Winamp (ètò tí wọ́n fi ń gbọ́ orin lórí kọ̀ǹpútà) ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ọjọ́ 60 ni wọ́n fi ń fúnni dán an wò, wọn ò ti ohunkóhun pa. Lẹ́yìn náà, dọ́là 60 ni fún irú àwa tí à ń lò ó nílé. Mo yan ASIO, kí kọ̀ǹpútà máa ka ohùn nígbà 48,000 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, kó sì máa gbé 256 nínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan (buffer nìyẹn), ìyẹn 5.3 ms lẹ́ẹ̀kan. Mo tún ìdánwò "kọ́" ṣe: 2 ms péré. Reaper ń bi awakọ̀ interface (driver, ètò tó ń darí ẹ̀) léèrè iye tó fi ń pẹ́, ó sì ń yọ ọ́ fúnra ẹ̀. Mo pa kọ̀ǹpútà, mo tún un tàn, mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta. 2 ms ṣì ni.

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ èyí, èrò mi ni pé kí n ṣì máa fi Audacity gbohùn, kí n máa fi Reaper pò ó pọ̀. Kò mọ́gbọ́n dání, mo rí i báyìí. Ibi tí a ti ń gbohùn gan-an ni wàhálà wà. Reaper ni mo mú. Audacity, tó ti wà látọdún 2000, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gé ohùn, yóò sì máa bá mi gé ọ̀rọ̀ ẹnu. FL Studio dára gan-an fún bíìtì, àmọ́ ẹ̀dà ìdánwò ẹ̀ á jẹ́ kéèyàn tọ́jú iṣẹ́, kò ní jẹ́ kó ṣí i padà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo lè gbà mí ní oṣù mẹ́ta, mo sì gbọ́dọ̀ máa ṣí i padà.

Ohun kan tún kù tí mo ń rò. Ìlù tí mo fi dán an wò lálẹ́ yìí, èmi fúnra mi ni mo lù ú, mo sì lù ú tẹ̀ lé click, ìró "kọ́, kọ́" tí kọ̀ǹpútà fi ń díwọ̀n ìgbà. Ó bọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó le gan-an. Bí Baba bá padà wá, mi ò ní fún wọn ní click rárá. Gángan ni màá kọ́kọ́ gbà, kí wọ́n yára níbi tó bá wù wọ́n, kí wọ́n fà á níbi tó bá wù wọ́n, èmi àti agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ á wá tẹ̀ lé wọn. Ìyẹn ni pé màá tún agogo àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ gbà látìbẹ̀rẹ̀. Ó dùn mí, agogo yẹn dáa. Mo ti pe Baba, wọ́n ní Sátidé ọ̀la kò gbà wọ́n, Sátidé tó tẹ̀ lé e ni.