Ààlà tí wọ́n fi rúlà fà
Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi pé ìmọ̀ òṣèlú àti àjọṣe orílẹ̀-èdè ni mo fẹ́ kà ní yunifásítì, wọ́n ní, "Ṣé kánsẹ́lọ̀ lo fẹ́ dà ni?"

Ọdún kejì ni ẹ̀kọ́ náà tó wọ̀ mí lára. Olùkọ́ wa ya máàpù sójú pátákó, ó fa ìlà kan gbọọrọ: àdéhùn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, 1889. Kétu, tó wà ní orílẹ̀-èdè Benin lónìí, bọ́ sọ́wọ́ Faransé; Ìmẹ̀kọ, tó wà ní ìpínlẹ̀ Ògùn, bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Mo gbàgbé bíírò lẹ́nu. Ọmọ Ìmẹ̀kọ ni ìyá mi àgbà, Kétu sì ni wọ́n ti ń bá ẹbí ṣọdún.

Mo pe ìyá àgbà lálẹ́, mo bi wọ́n nípa ààlà náà.

"Ààlà wo? Ibi tí wọ́n ti ń ní ká sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn?"